Orí Yakúmì Wà Nínú Afẹ́fẹ́

Ẹ fà mọ́ mi kí ẹ gbọ́. Ìtàn tèmi fò kọjá orí òkun, ó kọ̀, kò bà sórí ọba, kò bà sórí ìjàpá, orí Marigó ló lọ bà sí, opó Yakúmì, ní erékùṣù kan láàárín àwọn ará Gíríìkì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ bí ẹni tí inú ń bí.

Marigó gun òkè lọ sílé Anésti, àbúrò ọkọ rẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, gèlè dúdú lórí, àpò lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló bá wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún kan pé tí wọ́n ti sin Yakúmì. Lọ́jọ́ náà, wọn á se àlìkámà tí wọ́n ń pín jẹ nítorí òkú, àlùfáà á gbàdúrà, gbogbo ìletò á sì wá wo òkúta ibojì tuntun. Erékùṣù kejì ni agbẹ́-òkúta wà, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí fọ́tò olóògbé bá ọkọ̀ ojú omi ti aago méjìlá ọ̀sán yìí wá, kí òun lè rí àyè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Bí kò bá bá a lọ, òkúta á dé láìlójú.

Fọ́tò Yakúmì ò sì wọ́n, ojú rẹ̀ ló wọ́n nínú fọ́tò. Ọkùnrin náà kì í lajú sí kámẹ́rà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó dijú. Lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́jà, ó dijú. Lọ́jọ́ ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú rẹ̀ dì pa bí ti ọmọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lajú, ní etíkun, níbi tó ti ń yan ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lórí ẹyín iná. Ẹnìkan pè é, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n yà á. Ìyẹn ni Marigó fẹ́. Kò fẹ́ kí ará ìletò dúró níwájú ibojì kí wọ́n máa wí pé Yakúmì sùn láyé, ó tún ń sùn lọ́run.

Anésti yìí ńkọ́? Ọdún márùndínlógójì ló fi ń pín lẹ́tà sínú ihò onígun mẹ́rin ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan kó má wá ihò tí yóò tì í sí. Nígbà ààwẹ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde ló gba agolo fọ́tò mẹ́ta lọ́wọ́ Marigó, ó ní òun fẹ́ bá a tún un tò.

Nígbà tí Marigó wọlé, àbúrò ọkọ dúró láàárín yàrá, ó gbé awò ojú sí iwájú orí, ó káwọ́ sẹ́yìn bí olùkọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ má tíì jókòó. Ẹ kọ́kọ́ wo inú yàrá yìí yíká, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

"Agolo òróró ólífì mẹ́rin ni mo rí."

"Ayé ni ẹ rí."

Marigó tún wò. "Ayé wá ń rùn bí òróró báyìí?"

Anésti ní kò burú, ẹni tí kò mọ̀ la ń kọ́. Ó wá rò fún un bí òun ṣe lọ lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ ọmọbìnrin òun ní olú ìlú, bí ọmọ náà ṣe mú òun lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kan, àti bí òun ṣe gbọ́ pé lórí ilẹ̀ yìí gan-an, kí ayé tó dáyé àwọn tó kù, ni àwọn baba ńlá wa ti rí i pé ohun mẹ́rin ni wọ́n fi dá gbogbo nǹkan: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iná. Ó ní omijé bọ́ lójú òun níbẹ̀. Ó ní irú ọmọ àwọn baba bẹ́ẹ̀ wá jókòó, fọ́tò wọn wà nínú agolo bísíkíìtì bí ẹ̀wà tí wọn ò tíì ṣà.

"Ṣé àwọn baba ńlá wa náà ló ní kí o da fọ́tò mi rú?"

"Mo tò ó ni. Rúdurùdu ni mo bá a."

"Rúdurùdu kẹ̀? Agolo mẹ́ta ló jẹ́, Anésti. Ọ̀kan fún alààyè. Ọ̀kan fún òkú. Ọ̀kan fún àwọn tó lọ sí Ọsirélíà."

"Kí ló dé tí àwọn ará Ọsirélíà fi dá wà?"

"Wọn kì í kọ̀wé. A ò mọ inú èwo nínú méjì yòókù là bá kó wọn sí."

Anésti rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi já bọ́ sórí imú rẹ̀. Ó ní ètò àwọn ìyá arúgbó nìyẹn, ẹni tó bá ní ìmọ̀ kò ní tìtorí pé ẹnìkan kú kó wá gbé fọ́tò rẹ̀ kúrò ní ibi tó wà. Ohun tí Marigó sì ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti sìnkú dé, á mú fọ́tò ẹni náà nínú agolo alààyè, á fi etí aṣọ nù ún, á bá a sọ gbólóhùn kan, á gbé e sínú agolo kejì. Lọ́dún tó kọjá ló mú Yakúmì. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbà láti jù ú sílẹ̀.

Ó wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ti lù.

"Mo gbọ́. Yakúmì dà?"

"Ìbéèrè yẹn ò pé, Ìyàwó wa. Lábẹ́ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ń wá a?"

"Ọkọ mi ni mò ń wá."

"Lójú ìmọ̀, kò sí ọkọ. Ohun mẹ́rin ló wà."

"Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá fún mi lóyún ọmọ mẹ́ta?"

Anésti wúkọ́. Ó ní kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ láti orí omi.

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni agolo omi wà, torí pé Anésti ní olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀. Marigó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó fà yọ ni ti ọmọ ọmọ rẹ̀, ìhòòhò ọmọ jòjòló lọ́wọ́ àlùfáà lórí awo ìrìbọmi. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ni ti Stamáti, òmùwẹ̀ tó ń wá kànrìnkàn lábẹ́ òkun. Marigó jù ú sílẹ̀, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí a ti ń ṣe tí ohun búburú bá sún mọ́ ọmọ.

"Ọmọ yìí ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ó ń bẹ láyé, ó ń jẹ, ó ń sáré. O wá tẹ́ ẹ ti ẹni tí òkun gbé mì."

"Omi ni àwọn méjèèjì."

"Ọ̀kan wọ omi, ó jáde. Ọ̀kan wọ omi, kò jáde. Ṣé ìmọ̀ rẹ ò rí ìyẹn ni?"

"Ìyẹn, bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Èmi, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo dúró lé."

Marigó gbé ọmọ náà sínú àpò rẹ̀, ó tún ki ọwọ́ bọ agolo. Ó kan òkun, ó kan ọkọ̀ ojú omi, ó kan obìnrin méjì tí wọ́n ń fọ aṣọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ìgbànú wà lára rẹ̀, ìgbànú tí irin rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi okùn àwọ̀n so. Ọwọ́ òun Marigó ló so okùn yẹn.

"Anésti. Kí nìyí?"

"Yakúmì ti omi nìyẹn."

"Ikùn rẹ̀ nìyí."

"Òkun wà lẹ́yìn ikùn náà, bí ẹ bá wò ó dáadáa."

Anésti fa àga, ó jókòó, ó wá ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọjọ́ méjì gbáko ni fọ́tò yẹn fi dá òun lágara. Òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, iyanrìn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, iná wà ní ọwọ́ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ irun orí rẹ̀ sókè. Bí òun bá gbé e fún omi, ilẹ̀ á bínú. Bí òun bá gbé e fún ilẹ̀, iná ńkọ́? Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹnì kan kì í fi lẹ́tà sílẹ̀ láìní ihò. Ni òun bá mú àlùmọ́gàjí, òun gé e sí mẹ́rin, òun ṣe ìdájọ́ òdodo.

"Mi ò sì fojú díwọ̀n ọ́n o. Rúlà ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Marigó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ní ọdún tó kọjá, èèyàn mẹ́rin la jọ rí tó gbé Yakúmì lọ sí ibojì. Ìwọ wà lára wọn, Anésti. Mo rí yín. Kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ lọ lọ́tọ̀."

"Kò sí apá kan tó sọnù, Ìyàwó wa. Gbogbo rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi iná, ẹ máa rí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà dára gan-an."

Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni agolo iná wà. Ẹni tó kọ́kọ́ wo Marigó lójú nínú rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀, màmá tó bí Yakúmì tó bí Anésti, tó ti kú láti ọdún méjìlá sẹ́yìn.

"Inú iná lo kó ìyá tó bí ọ sí?"

"Wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ ààrò nínú fọ́tò yẹn."

"Ogójì ọjọ́ ni àlùfáà fi bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má kó o síbẹ̀. Ọlọ́run gbọ́. Ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wọ̀ ọ́."

Anésti wo fọ́tò ìyá rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ yé e, ṣùgbọ́n ó kọjá lójú rẹ̀ bí ẹyẹ. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Marigó mú ìyá ọkọ rẹ̀ sínú àpò, ó mú ọwọ́ ọ̀tún Yakúmì náà, pẹ̀lú ẹyín iná àti ẹsẹ̀ ẹja méjì. Ó gbé ọwọ́ ti ikùn lórí tábìlì.

Nínú agolo ilẹ̀, tó wà ní kọ̀rọ̀ níbi tí sìmẹ́ǹtì ti bó, ó bá ẹsẹ̀. Kó tó bá ẹsẹ̀, ó bá Nikóla àti Stávri tí wọ́n dojú kọra bí ọkọ àti aya, àwọn méjì tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí ààlà oko.

"Ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì," ni Anésti wí, kí ó tó di pé wọ́n bi í.

"Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ó yẹ kí o fi àdá kọ̀ọ̀kan tì wọ́n pẹ̀lú."

Ó to ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ ikùn. Yakúmì ń dìde lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀, ikùn, ọwọ́ tó ń yan ẹja. Ọrùn ló dúró sí. Aago ti di mọ́kànlá ààbọ̀. Lójú òkun, ọkọ̀ ti yọ sí wọn, ó rí bí èékánná.

"Ó ku orí. Orí ló ṣe pàtàkì, Anésti. Orí ni agbẹ́-òkúta fẹ́."

"Orí wà nínú afẹ́fẹ́."

"Agolo afẹ́fẹ́ dà?"

"Ojú fèrèsé ni. Ibòmíràn wo ni à bá gbé e sí?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí fèrèsé. Ó ṣí gbayawu. Agolo náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí igi fèrèsé, ó ń yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn. Marigó dé ibẹ̀, ó gbójú wọ inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ agolo ló rí, ó ń dán.

"O ò dé e."

"Èèyàn kì í dé afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, Ìyàwó wa. Bí ẹ bá dé e, kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́."

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

Ohùn Anésti ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó ní àlùfáà wà níbẹ̀, nítorí orin tó ń kọ. Olórí ìlú wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àti orí Yakúmì.

Wọ́n yọrí síta. Olórí ìlú ti bọ́ sínú ọgbà adìẹ, àgbébọ̀ méjì ń ṣá a lẹ́nu. Àlùfáà há sínú ẹ̀gún. Orí Yakúmì nìkan ni wọn ò rí, àfi ìgbà tí Marigó fọwọ́ síji ojú, tó rí nǹkan funfun bíńtín kan tó ń ta tọ́ọ́tọ̀ọ̀tọ́ lọ sí ọ̀nà èbúté, tó ń bà, tó ń fò, bí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìbùsùn tí wọ́n wá tú sílẹ̀.

Ọkọ̀ fọn fèrè.

Marigó padà sínú yàrá, ó dúró. Ó wo ikùn, ó wo ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́. Ó wá gbójú sókè. Lára ògiri, lókè ibùsùn Anésti, fọ́tò kan wà nínú férémù tó ní àwọ̀ wúrà: Anésti fúnra rẹ̀, pẹ̀lú táì, ojú rẹ̀ là kedere bí ti ẹja tútù.

"Èyí ńkọ́? Inú agolo wo ló wà?"

Ara Anésti yá padà. Ó ní ìyẹn kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn baba ńlá wa tún wí pé ìkarùn-ún wà, èyí tó ga ju mẹ́rin lọ, tí kì í gbó, tí kì í bàjẹ́, tó jẹ́ pé òkè ọ̀run ni ibùgbé rẹ̀.

"Ìwọ sì ni ìkarùn-ún."

"Mo gbìyànjú kí n wọ inú àwọn tó kù, Ìyàwó wa. Kò sí èyí tó gbà mí."

Marigó gun àga, ó sọ férémù kalẹ̀, ó yọ fọ́tò inú rẹ̀. Ó gbé e sórí ọrùn Yakúmì lórí tábìlì. Ìyá kan ló bí wọn: imú kan náà, ìpéǹpéjú kan náà, etí tó yọ síta kan náà. Ó ṣí àpòòwé tó kọ orúkọ agbẹ́-òkúta sí, ó ti Anésti bọ̀ ọ́.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Agbẹ́-òkúta fẹ́ ojú tó là."

"Ojú mi nìyẹn."

"Ojú ìyá yín ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ yá a."

"Alààyè ni mí, Ìyàwó wa. Wọn kì í lẹ ojú alààyè mọ́ ibojì. Bí àlùfáà bá gbàdúrà òkú sí i lórí, ó lè..."

"Ó lè kí ni?"

Anésti tẹrí ba, ó tutọ́ sí àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

"Ṣé itọ́ lo ń tu ni, Anésti? Mo ṣe bí ètò àwọn ìyá arúgbó ni." Marigó lá etí àpòòwé. "Fọkàn balẹ̀. Lójú ìmọ̀, kò sí alààyè, kò sí òkú. Ohun mẹ́rin ló wà."

Anésti ò dúró gba ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé ló bá jáde, pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó ń lé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Marigó fi ìgbọ̀nwọ́ lé igi fèrèsé, ó ń wò ó lọ. Ó rí i tó ṣubú lulẹ̀ nínú oko ewébẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin, tó dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé irùngbọ̀n.

"Ilẹ̀," ni Marigó wí.

Ó rí i tó sáré dé etí èbúté, tó fo orí ààrò ẹni tó ń yan ẹja, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan ń rú èéfín.

"Iná."

Ó rí i tó bẹ́ sínú òkun pẹ̀lú aṣọ, tí omi mù ún dé ọrùn, tó na ọwọ́ kan sókè.

"Omi." Ó di gèlè rẹ̀ dáadáa, ó kó apá ara ọkọ rẹ̀ mẹ́ta sínú àpò. Kò ka afẹ́fẹ́. Ìyẹn ti wà nínú orí Anésti kó tó kúrò nílé.

Nígbà tó fi sọ̀ kalẹ̀ dé èbúté, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, wọ́n ń já àpò ìyẹ̀fun. Anésti gòkè látinú omi wá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́. Orí Yakúmì wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju ilé ìṣáná lọ. Marigó gbà á, ó fi etí aṣọ dúdú rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí oòrùn. Omi iyọ̀ ò ì tíì bà á jẹ́. Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Ojú méjèèjì là, wọ́n ń wo ẹni tó pè é lọ́jọ́ náà, òun Marigó sì ni ẹni tó pè é.

"O lajú," ló wí fún un.

Ó tú etí àpòòwé, ó yọ Anésti, ó ti Yakúmì bọ̀ ọ́, ó tún lẹ̀ ẹ́, ó gbé e lé ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́. Kò yísẹ̀ kúrò títí ọkọ̀ fi yí imú padà sí òkun.

Anésti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní orí nìkan náà ni agbẹ́-òkúta máa ń gé nínú fọ́tò, kó tó sọ ọ́ di róbótó. Ó ní bí a bá wò ó dáadáa, òun ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́, ẹnì kan ò sì dúpẹ́. Marigó kó fọ́tò onítáì sínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ láti lọ kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nínú agolo òróró, kó dá wọn padà sínú ti bísíkíìtì. Anésti tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ lójú, ṣòkòtò rẹ̀ jóná dé orúnkún, omi ń ro lára rẹ̀ tó, tó, tó.

"Ìyàwó wa. Fọ́tò mi yẹn. Inú agolo alààyè lẹ máa fi mí sí, àbí?"

Marigó dúró. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà.

"N kò fẹ́ ṣe àṣìṣe, Anésti. Kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà ná."